Ta Ló Ń Sọ Pé Ó Tó?

Ẹ sún mọ́bí díẹ̀. Ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kó wọlé, kí afẹ́fẹ́ má baà gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Ẹni tó ní ìkòkò lórí iná, kó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ná, torí ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo fẹ́ sọ, n kò sì fẹ́ kí ọbẹ̀ ẹnikẹ́ni jóná nítorí tèmi. N kò ní kánjú. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi, mo ti lọ̀ ọ́ títí, ó ti kúnná. Ẹ jẹ́ kí n rora bù ú fún yín.

Ayétòrò ni ilé mi, ní apá ibi tí ọ̀nà Ìmẹ̀kọ ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í yan gaàrí lẹ́yìn náà torí pé ọwọ́ mi kò lè dúró lásán. Ọmọ mi ọkùnrin ń gbé Ìlaròó nígbà náà. Ọ̀kadà ló ń gùn, ó ń gbé èrò lọ sí ẹnu bọ́dà, ó ń gbé èrò bọ̀. Ọmọbìnrin Ìpobẹ́ ló fẹ́, lódìkejì bọ́dà níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará ọ̀dọ̀ wa lè rò pé òkèèrè ló ti fẹ́yàwó. Rárá o. Yorùbá ni wọ́n, bí a ṣe ń kí ara wa náà ni wọ́n ń kíra wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn wọn máa ń fà nílẹ̀ díẹ̀ ju tiwa lọ. Ohun tó kàn ṣẹlẹ̀ ni pé Faransé ni wọ́n fi kọ́ wọn ní ilé ìwé, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ wa. Ìyàwó ọmọ mi a máa fi Faransé tirẹ̀ ta ọ̀rọ̀ bí ẹni ń fi iyọ̀ sí ọbẹ̀. Bí mo bá fún un ní nǹkan, á kúnlẹ̀, á fi Faransé dúpẹ́, á ní, "Mèsì, Màmá."

Èmi á ní, "Mèsáyà ti jíǹde, ìyàwó mi. Dìde."

Á rẹ́rìn-ín títí. Kò sọ fún mi rí pé n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ó mọ̀ pé mo gbọ́. Ó mọ̀ pé mo kàn ń fi ọ̀rọ̀ wọn ṣe tiwa ni, bí gbogbo wa ti máa ń ṣe ní agbègbè yìí.

Ọmọ mi ní tirẹ̀, súfèé ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Láti kékeré ló ti ń súfèé. Mo na án nítorí rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé, torí wọ́n máa ń kọ́ wa pé ẹni tó bá ń súfèé nínú ilé ń ké sí ejò. Nínà náà kò ràn án. Nígbà tó dàgbà, tí ó bá ń gun ọ̀kadà bọ̀ láti bọ́dà, bó bá ti kù díẹ̀ kó dé ilé, á pa ẹ́ńjìnnì, á jẹ́ kó máa yí lọ fúnra rẹ̀, á wá máa súfèé. Ìyàwó rẹ̀ á ti gbọ́, á ti gbé omi ìwẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n bí ọmọ wọn obìnrin, òun náà á gbọ́, á yí orí rẹ̀ síhà ẹnu ọ̀nà kó tó mọ orí í yí dáadáa.

Ọjọ́ kan ni mo lọ kí wọn ní Ìlaròó. Ọmọ náà ti ń jókòó, ó ti hu eyín wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bí a ṣe jókòó báyìí ni ọ̀dọ́mọbìnrin kan wọlé, ó ní ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bójú tó ìlera ọmọdé ni òun ti wá, àwọn ń yí gbogbo ilé tó ní ọmọ kékeré ká. Ó ní ohun tí àwọn ń wọ̀n ni bí bàbá àti ìyá ṣe ń pín iṣẹ́ bíbọ́ ọmọ láàárín ara wọn, àti èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọmọ náà fúnra rẹ̀.

Mo ní, "Àǹtí, kí lẹ máa fi wọ̀n ọ́n? Kóńgò ni àbí mudù?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹnu la fi ń wọ̀n ọ́n, Màmá. A óò bi wọ́n, wọn óò dá wa lóhùn."

Ó yíjú sí ìyàwó ọmọ mi. "Ta ló ń pinnu ohun tí ọmọ máa jẹ nínú ilé yìí?"

"Èmi ni."

"Ìgbà tó máa jẹun ńkọ́?"

"Èmi náà ni. Tí Ẹ̀gbọ́n bá wà nílé, àwa méjèèjì ni." Ẹ̀gbọ́n ló ń pe ọkọ rẹ̀.

"Ta ló wá ń sọ pé ó tó?"

"Ọmọ ni."

Ẹ gbà mí! N kò mọ ìgbà tí mo fi ẹnu sí i. Mo ní, "Ọmọ wo? Èyí tí kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì? Àǹtí, ẹ má kọ ìyẹn sílẹ̀ o. Ní ayé tiwa, a kì í béèrè lọ́wọ́ ọmọ. Rírọ là ń rọ ọmọ." Mo sì ṣàlàyé fún un, torí mo rí i pé ọmọ ayé òde òní ni. Ìyá á tẹ́ ọmọ sórí itan, á ká àtẹ́lẹwọ́ kò ní ìsàlẹ̀ ẹnu rẹ̀, á da ògì sínú àtẹ́lẹwọ́ yẹn, yóò máa wọ ọ̀nà ọ̀fun. Bí ọmọ bá ń ké, ìyá á fi ọwọ́ dí imú rẹ̀ díẹ̀, kó lè gbé e mì. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rọ gbogbo ọmọ mi. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rọ èmi náà.

Ó ní, "Màmá, báwo lẹ ṣe wá ń mọ̀ pé ó tó?"

"Ọwọ́ mẹ́ta, fún ọmọ tó bá ti ń jókòó."

"Ọwọ́ ta ni, Màmá?"

Ọmọ mi na ọwọ́ tirẹ̀ jáde, ó tẹ́ rẹrẹ bí ewé kókò. "Tó bá jẹ́ ọwọ́ tèmi ni, ọmọ yìí á wú bí àkàrà!"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà bi í pé, "Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá? Kí ni ipa tiyín níbẹ̀?"

"Èmi ni mo ń mówó wá. Mo sì ń súfèé."

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àǹtí. Òótọ́ ló sọ." Ó wá yíjú sí mi, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, torí kò fẹ́ kó dà bíi pé ó ń jà mí níyàn níwájú àlejò. "Màmá, ó máa ń sọ ọ́ fúnra rẹ̀ nígbà tó bá tó o. Mo ti ń kọ́ ọ. Tí ẹ bá dákẹ́, ẹ óò gbọ́."

Mo ní kó dákẹ́ ná, kó fún mi lómi mu. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà dúpẹ́, ó lọ. Kò sí ẹni tó bi ìyàwó ọmọ mi pé ọ̀rọ̀ wo gan-an ló ń kọ́ ọmọ náà.

Kò pẹ́ sígbà yẹn tó tún lóyún. Oyún náà kò tíì yọ tí ìròyìn fi dé láti Ìpobẹ́ pé àìsàn dá ìyá rẹ̀ wó. Ó gbé ọmọ wá fún mi ní Ayétòrò, pẹ̀lú aṣọ rẹ̀ àti abọ́ rẹ̀. Abọ́ tánganran ni, ó ní ìdérí, wọ́n ya òdòdó pupa sí ìsàlẹ̀ inú rẹ̀. Ó ní ọmọ náà máa ń fẹ́ rí òdòdó yẹn. Ó ní n kò gbọ́dọ̀ fi abọ́ mìíràn bọ́ ọ.

"N kò ní pẹ́, Màmá."

"Má kánjú. Tọ́jú ìyá ẹ dáadáa."

Ó ń lọ, ó ń bojú wẹ̀yìn, ọmọ sì ń juwọ́ sí i bí a ti kọ́ ọ. Ìgbà tí mo rí i kẹ́yìn nìyẹn.

Lẹ́yìn tó kọjá ni wọ́n ti bọ́dà. A kọ́kọ́ rò pé bíi ti tẹ́lẹ̀ ni, pé wọ́n á tì í, wọ́n á sì ṣí i. Àwa ará ibí ti mọ bọ́dà bí ẹni mọ ìlẹ̀kùn ilé ara rẹ̀. A mọ ìgbà tó ń ké, a mọ ìgbà tó ń há. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ó há pátápátá. Ìrẹsì gbówó lórí títí ó fi di ohun tí à ń jẹ ní ọdún Kérésì nìkan. Àwọn ilé epo tó wà níhà bọ́dà ti ilẹ̀kùn, ọ̀kadà ọmọ mi jókòó bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Èrò kò lọ mọ́, èrò kò bọ̀. Nígbà tí kò rí ohun tí yóò ṣe ní Ìlaròó mọ́, ó ti ilẹ̀kùn ilé rẹ̀, ó wá bá mi ní Ayétòrò, ó mú ọkọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro oko ẹ̀gẹ́ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀.

Àwọn èèyàn ń gba inú igbó kọjá, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà náà jìn, ó le, kì í ṣe ọ̀nà aboyún. Bí ó ti ń pẹ́ sí i ni oyún náà ń tóbi sí i. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ní kó dúró bímọ tán lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Àwa náà gbà. Ta ni kò ní gbà?

Bí ìtọ́jú ọmọ náà ṣe bọ́ sọ́wọ́ èmi àti ọmọ mi nìyẹn. A pín in. Èmi ni mò ń se ẹ̀kọ, èmi ni mò ń gún ẹja gbígbẹ sí i. Nítorí pé ọwọ́ mi máa ń wà nínú agbada gaàrí títí di ìrọ̀lẹ́, ọmọ mi ló ń bọ́ ọ tó bá ti oko dé. Ìpín iṣẹ́ náà, ẹ wò ó, ó gún régé. Ẹni tó wá béèrè lọ́wọ́ wa ní Ìlaròó ì bá rí wa nígbà náà, ì bá yìn wá.

Ọmọ náà ti ń wá ọ̀rọ̀ sọ. Ó ń sọ "omi," ó ń sọ "bàbá," ó ń pe adìẹ ní "dìdì." Ní ìrọ̀lẹ́ kan, mo wà nídìí agbada, mo gbọ́ tí ọmọ mi ké láti inú yàrá.

"Màmá! Ẹ wá gbọ́! Ó ní kí n súfèé!"

Mo lọ. Ọmọ náà jókòó sórí ẹní, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kékeré rẹ̀ bo orí abọ́, ó wo ojú bàbá rẹ̀, ó ní, "Súfí."

"Ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ. Ó tì ọ́ lójú bí? Ọmọ ẹyẹ ló ń pe bàbá rẹ̀. Súfèé fún un."

Ó súfèé. Ẹnu ọmọ ya sílẹ̀ fún ìyàlẹ́nu, ó rẹ́rìn-ín. Bí ẹnu náà ṣe là sílẹ̀, bàbá rẹ̀ ti fi ṣíbí ẹ̀kọ kan sí i. Ó gbé e mì. Inú wa dùn! Láti ọjọ́ náà, ó di eré. Bó bá ti jẹ díẹ̀, á fi ọwọ́ bo abọ́, á ní, "Súfí," bàbá á súfèé, ẹnu á là, ṣíbí á wọlé. Ó ń jẹ ju bó ti ń jẹ tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn aládùúgbò ń wá wò ó. Ìyá kan tó ń ta epo lójúde wa ní, "Àwọn kan ń fi ẹran bẹ ọmọ kó jẹun, orin ni tiyín fi ń jẹ ẹ̀kọ!"

Bí nẹ́tíwọ̀kì bá gbà, ìyàwó ọmọ mi á pè wá. Owó ìpè fóònù láti ọ̀dọ̀ wọn wọ́n, kì í sì í pẹ́ lórí rẹ̀. Ọjọ́ kan, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Màmá, ṣé ó ń jẹun?"

"Ó ń jẹun bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́."

"Ṣé ó ń sọ ọ́?"

Mo mọ ohun tó ń bi mí, tàbí pé mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. "Ó ń sọ ọ́ o! Ojoojúmọ́ ló ń sọ ọ́. Bàbá rẹ̀ sì ń dá a lóhùn."

Mo gbọ́ ẹ̀rín lóhùn rẹ̀, mo gbọ́ omijé níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó ní, "Ẹ ṣé, Màmá. Ẹ ṣé gan-an ni. Mo rò pé ẹ óò máa rọ ọ́ ni."

"Ta ló tún ń rọ ọmọ láyé ìsinsìnyí?"

"Mèsì, Màmá."

"Ó ti jíǹde," ni mo sọ, ìlà sì já.

Eré náà bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ náà bì lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, a ní bóyá ẹja ni. Ó tún bì, mo yọ ẹja kúrò. Ó wá di pé bí bàbá rẹ̀ bá súfèé, kò ní rẹ́rìn-ín mọ́. Á sọ "súfí" lẹ́ẹ̀kan, á sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á wá fi ọwọ́ méjèèjì bo abọ́, ohùn rẹ̀ á le. Bàbá rẹ̀ á súfèé orin tó dùn jù, á súfèé bíi ti ẹyẹ, á súfèé bíi ti ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà. Ọmọ á bú sẹ́kún.

"Màmá, irú súfèé wo gan-an ló ń fẹ́?"

"Bóyá ìyá rẹ̀ ní orin kan tó máa ń súfèé fún un."

"Ìyá rẹ̀ kò mọ súfèé."

Nígbà tó yá, ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Kò wulẹ̀ dúró de kí a bu ṣíbí kan mọ́. Bó bá ti rí abọ́ olódòdó yẹn ló ti ń pa eyín pọ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń jìn wọnú. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ wálẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mo tẹ́ ẹ sórí itan, mo ká àtẹ́lẹwọ́ mi kò, mo rọ ọ́ bí mo ti rọ bàbá rẹ̀. Ó jà títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Mo gbé e lọ sí ibùdó ìlera, nọ́ọ̀sì gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó wo kádì rẹ̀, ó ní ìlà rẹ̀ ń wálẹ̀, pé ìlà ọmọ kì í wálẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó bi mí bóyá ìyá rẹ̀ wà nílé. Mo ní ó wà lódìkejì. Ó mi orí. Gbogbo wa ló mọ ohun tí "òdìkejì" túmọ̀ sí nígbà yẹn.

A kò sọ fún ìyá rẹ̀. A kì í já aboyún láyà. Bó bá pè, a óò ní ọmọ ń sùn.

Inú ìpọ́njú yẹn la wà tí ìròyìn fi dé. Ìyàwó ọmọ mi kò bọ́ nínú ìkúnlẹ̀. Òun lọ, ọmọ inú rẹ̀ lọ. Ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn ló dìde láti sunkún rẹ̀.

N kò ní sọ púpọ̀ lórí èyí. Ẹni tó ti gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ rí mọ bó ti wúwo. Ẹni tí kò gbé e rí, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó gbé e. Ọmọ mi gba inú igbó lọ. Kó tó dé, wọ́n ti sin wọ́n. Ó padà wá pẹ̀lú erùpẹ̀ pupa òdìkejì lára bàtà rẹ̀, kò nu ún. Súfèé sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ nìkan ni kò mọ̀ pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀. Òun ṣì ń pa ẹnu dé síwájú oúnjẹ, ó ń rù sí i, àwa méjèèjì sì ń wo ara wa. A ti sin ẹni kan. Ẹ̀rù ń bà wá pé a óò tún sin èkejì.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ni àbúrò olóògbé náà dé, ọmọdébìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé ìwé. Ó bá àwọn tó ń gba inú igbó wá, ó gbé ẹrù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sórí. Ó kúnlẹ̀ kí mi, a sunkún. Nígbà tí a sunkún tán, ó ní kí n gbé ọmọ fún òun. Ọmọ náà wò ó, ó wò ó títí. Ojú kan náà ni òun àti ìyá ọmọ náà ní. Ó jókòó sí itan rẹ̀, kò lọ síbòmíràn mọ́.

Mo se ẹ̀kọ. Mo kìlọ̀ fún un pé ọmọ kì í jẹun, kó má jẹ́ kí ó bà á lọ́kàn jẹ́. Ó gbé abọ́ olódòdó sáàárín òun àti ọmọ, ó bu ṣíbí kan, ó fi sẹ́nu ara rẹ̀, ó ṣe bí ẹni pé kò rí ọmọ. Ó bu òmíràn, ó kàn gbé e dúró nínú afẹ́fẹ́. Ọmọ náà nawọ́ fa ṣíbí mọ́ra, ó jẹ ẹ́. Ọmọ mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ó fara ti òpó. Ọmọ jẹ díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ló gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bo abọ́. Ohùn tó fi sọ ọ́ rọra jáde, bí ẹni tí kò retí kí wọ́n gbọ́ òun mọ́.

"Súfí."

Mo rí ọmọ mi tó ń kó ètè rẹ̀ jọ. Láti ìgbà tó ti dé láti Ìpobẹ́ kò súfèé, ṣùgbọ́n nítorí ọmọ, ó fẹ́ gbìyànjú. Kó tó jáde lẹ́nu rẹ̀, ọmọdébìnrin náà ti gbé ìdérí bo abọ́, ó ti fi aṣọ nu ẹnu ọmọ.

"Kí ló dé tí o gbé e kúrò?" ni ọmọ mi sọ. "Ó ń jẹun! Ó kàn ní ká súfèé fún òun ni."

"Súfèé kẹ̀, Ẹ̀gbọ́n?"

"O ò gbọ́ ọ ni? Ó ní súfèé."

Ọmọdébìnrin náà wo ojú rẹ̀, ó wo ojú mi. "Ẹ̀gbọ́n, ó ní ó tó ni. *Sà súfí.* Bí àwa ṣe ń sọ ọ́ ní Faransé nìyẹn. Tí ìyá wa bá ń bu oúnjẹ fún wa, á ní, 'Sà súfí?' Bó bá tó wa, àwa á ní, 'Súfí.' Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi pé òun ń kọ́ ọ. Ó ní ọ̀rọ̀ tí òun fẹ́ kó kọ́kọ́ mọ̀ nìyẹn, kó lè gba ara rẹ̀ lọ́wọ́…" Ó wò mí, kò parí rẹ̀.

Lọ́wọ́ rírọ ni. Lọ́wọ́ àtẹ́lẹwọ́ mi.

Ọmọ mi rọra jókòó sí ojú ẹnu ọ̀nà. "Màmá," ó ní, "ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀ mí."

Ohùn ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù ni mò ń gbọ́. Ṣé ó ń sọ ọ́? Ó ń sọ ọ́, bàbá rẹ̀ sì ń dá a lóhùn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó gbà pé a mọ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lórí ọmọ náà títí ó fi lọ, mo sì ti ro ó síwá sẹ́yìn, n kò mọ̀ bóyá kí n dúpẹ́ fún ìyẹn tàbí kí n sunkún.

A gbọ́ nǹkan kan tó dún kàńkàn. Ìdérí abọ́ ni. Ọmọ náà ti fa ìdérí kúrò fúnra rẹ̀, ó ń wo òdòdó tó ti yọ díẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ẹ̀kọ, ó la ẹnu sílẹ̀.

"Ó tún fẹ́," ni àbúrò ìyá rẹ̀ sọ. Ó na ṣíbí sí ọmọ mi.

Ọmọ mi wá, ó kúnlẹ̀ níwájú ọmọ ara rẹ̀. Ó bu ṣíbí kan, ó dúró. Ọmọ jẹ ẹ́. Ó bu òmíràn, ó dúró. Kò súfèé. Nígbà tí ọwọ́ kékeré yẹn bo abọ́, ó gbé abọ́ kúrò lójú ẹsẹ̀, ó ní, "Súfí, ọmọ mi. Mo gbọ́."

Kò sanra lọ́jọ́ kan. Àwọn ọjọ́ kan wà tó jẹ́ pé ńṣe ló kàn ń dán wa wò, á jẹ ẹ̀ẹ̀kan, á ní "súfí," á máa wo ojú wa bóyá a óò ṣe bí ẹni tó gbọ́. A gbé abọ́ kúrò, ebi sì pa á, àwa ni ọkàn wa ń já. Ọwọ́ mi a máa yún mi láti ká a kò. Mo máa ń lọ jókòó sídìí agbada kí ojú mi má baà rí i. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbà pé òótọ́ ni, pé ọ̀rọ̀ òun ń ṣiṣẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí rẹ̀ dúró sáàyè rẹ̀. Nọ́ọ̀sì wo kádì, ó ní ìlà ti ń gòkè.

Nígbà tí wọ́n ṣí bọ́dà, ọmọ mi padà sí Ìlaròó, èmi àti ọmọ náà sì bá a lọ. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó wá béèrè nígbà náà tún yà síbẹ̀, ó ní àwọn ń padà sí àwọn ilé tí àwọn ti dé rí. Ó wo ẹ̀yìn ọmọ mi bí ẹni tó ń wá ẹnìkan, ó rí ojú rẹ̀, kò béèrè. Ó wá bi í ní ìbéèrè kan náà: ta ló ń sọ pé ó tó?

"Ọmọ ni."

"Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá? Kí ni ipa tiyín?"

"Èmi ló ń gbọ́ ọ."

Ohun tí olóògbé fi sílẹ̀ kò pọ̀. Àwọn aṣọ rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, ó yẹ ẹ́. Yẹtí rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ní Ìpobẹ́, ó ń tọ́jú rẹ̀ de ọmọ. Abọ́ tánganran ti ọmọ ni, ṣùgbọ́n òdòdó rẹ̀ ti ń ṣí, ó ti fi ń bu omi fún adìẹ. Èmi àti bàbá rẹ̀ la jogún ọ̀rọ̀ náà. Bí a bá jẹun pọ̀, tí mo bá fẹ́ bù sí i fún un, á fi ọwọ́ bo àwo, á ní, "Súfí, Màmá," èmi á sì gbé ìgbakọ kúrò. Ọmọ náà ti gbàgbé rẹ̀. Bí gbogbo ọmọ Ìlaròó ti ń sọ ọ́ lòun náà ń sọ ọ́: "Ó tó."

Súfèé lòun jogún. Bàbá rẹ̀ kò súfèé mọ́ láti ọjọ́ yẹn, n kò mọ ibi tó ti kọ́ ọ. Tó bá ń ti ilé ìwé bọ̀, a óò ti gbọ́ ọ kó tó yọ. Àwọn aládùúgbò ń sọ pé ọmọbìnrin kì í súfèé, pé kí n bá a wí. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, ogún rẹ̀ ni. Bàbá rẹ̀ kì í dá a lóhùn. Ó kàn máa ń fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀, á dúró, á máa gbọ́ títí yóò fi parí.